Ọmọ Ogun àti Ọmọdé nínú Ìwé Ìtàn Àlùfáà Johnson

Ó yẹ kí gbogbo olùkọ́ ilẹ̀ wa máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlùfáà Samuel Johnson nítorí ìwé ìtàn Yorùbá tí ó kọ. Ó parí rẹ̀ ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun fúnra rẹ̀ sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Àwa kò jókòó láti tàbùkù irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé náà tí ó ti ń kọ wá lóminú láti ìgbà tí a ti ń fi í kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìhà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Johnson fi kọ ọ́. Níbi tí Yorùbá ti ń wí pé “ọmọ ogun,” ọ̀rọ̀ tí ó sábà ń lò ni èyí tí ó túmọ̀ sí “ọmọdékùnrin ogun.” Ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé ọmọ ogun lè hu irùngbọ̀n, kí ó sì ní aya mẹ́ta, bí ẹni ogójì ọdún ti ń jẹ́ ọmọ Ìkòròdú, bẹ́ẹ̀ náà ni ó lè jẹ́ ọmọ ogun. Àjèjì tí ó bá ka ìwé náà yóò rò pé ọmọ wẹ́wẹ́ ni gbogbo wọn. Èyí kéré. Èyí tí ó wúwo ni pé, nígbà tí ọmọdé gan-an bá dé ojú ogun, kò sí orúkọ tí ó kù tí a lè fi pè é. Ó wọ àárín àwọn àgbàlagbà lọ, a kò sì rí i mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú ogun Ìkòròdú wò. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dí ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn, Ìkòròdú kò dẹ́kun láti máa bá Ìbàdàn ṣòwò. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe dó tì í. Glover, tí ń ṣe olórí ìjọba Èkó, ní kí wọn ṣí kúrò, wọ́n kọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta, 1865, àwọn sójà rẹ̀ tú wọn ká. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà òwò àti ti ìjọba ni Johnson fi sọ́kàn níhìn-ín. Kò bèèrè ọjọ́ orí ẹnì kan. Bẹ́ẹ̀ sì ni òun fúnra rẹ̀, ẹni tí a bí ní 1846, wà ní Abẹ́òkúta ní àkókò náà, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S. Ìlú tí ó ti ń kàwé ni ogun náà ti jáde. A ì bá fẹ́ kí ó sọ fún wa nípa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò sí ní ilé-ẹ̀kọ́, àti ta ni ó fi ìbọn lé wọn lọ́wọ́.

Bí a bá rékọjá sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà tí ọmọdé fi ń di jagunjagun hàn díẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó tẹ̀dó sí títí di 1862, Òṣòdì Tápà, olórí ogun rẹ̀, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Tápà ni Òṣòdì; ọmọdé ni nígbà tí ó dé Èkó, ilé ọba ni ó sì ti dàgbà. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọ̀pọ̀ ilé ńlá ní ayé ìgbà náà: ogun a gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀, ilé ńlá a gba ọmọ náà, a ó sì tún rán an padà sí ogun. A ń fi Òṣòdì yangàn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó là á já tí ó sì di olókìkí ni à ń sọ ìtàn rẹ̀.

Ogun Kírìjì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, a kò sì tú àgọ́ náà ká títí di 1893. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọmọ tí ó ń rákò nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti tó ọkùnrin kí ó tó parí. Johnson pẹ̀lú Àlùfáà Charles Phillips wọ inú àwọn àgọ́ náà ní 1886 láti wá àlàáfíà. Ó ròyìn àdéhùn náà fínnífínní, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àwọn balógun. Ojú rẹ̀ ni a fẹ́ yá, kì í ṣe etí rẹ̀ nìkan.

Kí a má baà ṣe àìṣòótọ́ sí i, ẹnu àwọn àgbà ni ó ti gbọ́ púpọ̀ nínú ìtàn rẹ̀, jagunjagun tí ó ti dàgbà kì í sì í ka ọmọ tí ó ru ẹní rẹ̀ mọ́ ara ogun. Àwọn ọmọ náà ni ó ní láti sọ ọ́ fúnra wọn.

Isaac Fadoyebo ará Emùré-Ilé sọ tirẹ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ sójà Gẹ̀ẹ́sì ní 1942. Ní ilẹ̀ Burma ni ìbọn àwọn ará Japan ti fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní 1944, àwọn ará abúlé tí kò mọ̀ ọ́n rí ni ó sì fi í pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. A tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1999. Kò sí balógun kan tí ó ga nínú rẹ̀. Ìrora àti ebi ni ó pọ̀ níbẹ̀.

Ṣáájú rẹ̀ ni Bíṣọ́ọ̀bù Crowther wà, nínú lẹ́tà tí ó kọ ní 1837 nípa ìkólọ rẹ̀ ní Òṣogùn ní 1821. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ó mọ̀ nípa ìyá rẹ̀ àti okùn tí a fi so wọ́n. Ìwọ̀nba ni ó rántí pé ọmọkùnrin náà gbé ọrun dání ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú ọfà márùn-ún nínú apó, àti pé ọrun náà bọ́ sọnù nínú igbó kí ó tó ronú láti lò ó sí ọ̀tá. Lẹ́tà náà ni àwa fi ń ṣáájú Johnson nísinsìnyí nígbà tí a bá ń kọ́ni. Ọmọkùnrin kan bi wá léèrè pé, ta ni ó padà rí ọrun náà he?