Ìpolówó Láìsí Igbá Lórí: Lámèyítọ́ Fídíò Ìpolówó Ilé Ìgbafẹ́ Inú Igbó

Ìfáàrà

Ìpolówó ọjà kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Kí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n tó dé ni ẹlẹ́kọ, elẹ́wà àti ọlọ́lẹ̀ ti ń fi ohùn ta ọjà wọn láàárọ̀. Àwọn onímọ̀ kà á mọ́ lítíréṣọ̀ alohùn, bẹ́ẹ̀ náà ni a sì ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ohun tí a kì í sábà ṣe ni pé kí a gbé òṣùwọ̀n yìí kan náà lé ìpolówó òde òní. Nínú iṣẹ́ yìí, fídíò tí wọ́n fi ń polówó ilé ìgbafẹ́ inú igbó tàbí ẹ̀bá omi, irú èyí tí èèyàn lè yá fún ọjọ́ mélòó kan, ni a fẹ́ ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Èrò wa ni pé àbùkù tó tóbi jù lára irú fídíò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é kò mọ àwòrán yà. Àbùkù náà ni pé fídíò wọn kò jẹ́rìí sí ibi tó ń polówó.

Omi méjì, fídíò kan

Ẹ jẹ́ kí a fi ibi méjì ṣe àpẹẹrẹ. Ní Ìkógòsì, ìpínlẹ̀ Èkìtì, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ń ti ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣàn bọ̀, wọ́n sì pàdé lójú kan. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ ni pé ìyàwó ọdẹ ni omi méjèèjì, ọ̀kan onínú fùfù, èkejì onísùúrù. Ní Wikki, nínú Ọgbà Ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ìwọ̀n 31°C ni omi tibẹ̀ máa ń wà, tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Ó mọ́ gaara débi pé a ń rí iyanrìn ìsàlẹ̀ rẹ̀, erin sì ń bẹ nínú igbó tó yí i ká.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wo fídíò omi méjèèjì kó ṣì wọ́n mú fún ara wọn. Ṣùgbọ́n irú fídíò tí à ń sọ yìí ní àwòṣe kan tí kì í yí padà. Ẹ̀rọ afòlókè tí a ń pè ní drone á gbéra lórí igi. Dùùrù á máa dún lábẹ́lẹ̀. Obìnrin kan á na apá rẹ̀ síwájú omi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan la ó rí. Lẹ́yìn náà, ohùn kan á fi èdè Gẹ̀ẹ́sì ní kí a wá sinmi. Bí a bá bo orúkọ tó wà ní ìparí, a lè gbé e fún Ìkógòsì, a lè gbé e fún Wikki, a sì lè gbé e fún ilé kan létí òkun tí kò ní igi kankan. Ìpolówó tó bá gbogbo ibi mu kò polówó ibì kankan.

Àsọdùn tó ní olùṣọ́

Ẹnì kan lè sọ pé ìpolówó ìbílẹ̀ náà kún fún àsọdùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igbá wà lórí ẹlẹ́kọ. Oníbàárà á pè é, á ní kó sọ̀ ọ́, á ṣí i wò, á fọwọ́ kàn án kó tó sanwó. Bí ẹ̀kọ náà bá ti kan, gbogbo àdúgbò á gbọ́, àdúgbò yẹn kan náà ni yóò sì tún gbà kọjá lọ́la. Àsọdùn rẹ̀ ní olùṣọ́. Ti fídíò kò rí bẹ́ẹ̀: Èkó ni oníbàárà wà tó ti sanwó, Bauchi ni ọjà wà. Àsọdùn tí a lè fi rẹ́rìn-ín lẹ́nu ẹlẹ́kọ ti di ẹ̀tàn níbí.

Ẹ̀tàn yìí kò nílò irọ́ kankan. Lẹ́ńsì tó ń fẹ ojú ibi á sọ yàrá tí ibùsùn kan gbà tán di gbọ̀ngàn. Àsìkò tún lè tanni ju lẹ́ńsì lọ. Ní Yankari, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, koríko á gbẹ, ẹranko á sì máa wá mu omi létí odò Gaji. Nígbà òjò, koríko á ga, omi á wà káàkiri, erin á sì ṣòro rí. Bí a bá ya fídíò erin ní oṣù kejì ọdún, tí a wá fi pe àlejò ní oṣù kẹjọ, kò sí àwòrán kan níbẹ̀ tó parọ́, síbẹ̀ àlejò ti wọ gàù.

Drone pàápàá yẹ ní àrògún. Ní Nàìjíríà, èèyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ NCAA àti ọ́fíìsì Olùdámọ̀ràn lórí Ètò Ààbò kó tó fò ó. Yàtọ̀ sí òfin, ariwo rẹ̀ ń lé ẹyẹ àti ẹranko tí a ní kí àlejò wá wò.

Ohun tí wọ́n ń fi pamọ́

Ní ibùdó Wikki, àwọn ọ̀bọ ńláńlá máa ń wá já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Onílé ìgbafẹ́ kan lè ní bí òun bá fi irú èyí hàn, ọjà òun kò ní tà. A gbà pé owó ló ń wá, kò sì burú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ràn igbó lè tìtorí ọ̀bọ náà wá, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù á mọ̀ pé kí òun ti ilẹ̀kùn. Ìkìlọ̀ náà tó ìpolówó.

Ẹ tún wo ẹni tó ń jìyà ẹ̀tàn yìí. Ẹni tó ya fídíò kì í sí níbẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé. Ẹni tó ń tẹ́ ibùsùn àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì ló ń gba èébú. Àwọn wọ̀nyí gan-an ni fídíò kì í jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Bí àgbàlagbà kan ní Ìkógòsì bá fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì sọ bí omi ṣe rí, tí a kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ àwòrán, tí a sì jẹ́ kí ìró omi náà dún láìfi dùùrù bò ó, kò sí ibòmíràn tó lè yá fídíò yẹn lò.

Ìkádìí

Púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE wa ti ń fi fóònù ṣe irú iṣẹ́ yìí gbowó. A dábàá pé kí a mú un wọ kíláàsì tí a ti ń kọ́ ìpolówó ọjà, kí àwọn akẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Haúsá àti Ígbò náà sì fi ìpolówó tiwọn ṣe é. Ìbéèrè mẹ́rin ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá bo orúkọ ibẹ̀, ṣé a ṣì lè dá a mọ̀? Ṣé ó sọ oṣù tí a yà á? Ohùn ta ni a gbọ́, ṣé a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ onítọ̀hún? Kí ni àlejò yóò bá níbẹ̀ tí fídíò kò fi hàn án?

Àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ní ti ilé ìgbafẹ́, ọjọ́ tí àlejò bá sọ ẹrù kalẹ̀ ni.