Aago Kò Mọ Iṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Díwọ̀n Wide Receiver Ṣáájú Draft

Lọ́dọọdún, kí draft NFL, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń mú agbábọ́ọ̀lù tuntun láti yunifásítì, tó dé, àwọn alámèyítọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà máa ń to àwọn wide receiver yunifásítì léra, ìyẹn àwọn tó ń sáré lọ hán bọ́ọ̀lù tí quarterback bá jù. Lámèyítọ́ gidi ni iṣẹ́ yìí, ó sì gba ọgbọ́n. Àléébù tí mo rí níbẹ̀ ni pé wọ́n sábà máa ń díwọ̀n ara kí wọ́n tó díwọ̀n iṣẹ́. Draft ọdún 2020 jẹ́rìí sí i.

Nígbà ìdánwò NFL ní Indianapolis lọ́dún náà, Henry Ruggs láti Alabama sá 40 yáàdì ní ìṣẹ́jú-àáyá 4.27. Kò sẹ́ni tó yára tó o níbẹ̀. Òun náà ni wide receiver tí wọ́n kọ́kọ́ mú, ní ipò 12. Jerry Jeudy, tí wọ́n jọ wà ní Alabama, bọ́ sí ipò 15, CeeDee Lamb láti Oklahoma sì bọ́ sí 17. Ní ipò 21, Philadelphia Eagles mú Jalen Reagor láti TCU. Ní 22, Minnesota Vikings mú Justin Jefferson láti LSU.

Ní 2019, Jefferson hán bọ́ọ̀lù 111 fún yáàdì 1,540 àti touchdown 18. Ruggs hán 40 péré. Síbẹ̀, òǹkà nìkan kò lè dá ẹjọ́ yìí. Ruggs àti Jeudy ń bá DeVonta Smith àti Jaylen Waddle pín bọ́ọ̀lù ní Alabama, ìpele kìn-ín-ní draft ni àwọn méjèèjì yìí náà sì bọ́ sí lọ́dún 2021. Joe Burrow, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní 2020, ló sì ń ju bọ́ọ̀lù fún Jefferson. Bí iye kékeré kò ṣe lè dá Ruggs lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni iye ńlá kò lè dá Jefferson láre.

Ohun tí àwọn tó ń ṣiyèméjì fi gún Jefferson lára ni ipò rẹ̀ lórí pápá. Wọ́n ní inú, ní slot, ló ti ń gbá a, níbi tí alátakò kì í ti í sábà dì mọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni, ní 2019. Ṣùgbọ́n ní 2018, ẹ̀gbẹ́ ìta ni wọ́n fi í sí jù, ó sì hán bọ́ọ̀lù 54 fún yáàdì 875. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ló pààrọ̀ iṣẹ́ fún un; kì í ṣe pé kò mọ ti àkọ́kọ́ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo Peach Bowl ní oṣù Kejìlá 2019, tí LSU àti Oklahoma pàdé ní Atlanta. Jefferson hán bọ́ọ̀lù 14 fún yáàdì 227. Touchdown mẹ́rin ló gbà, gbogbo rẹ̀ kí ìdajì eré tó pé. Ẹni tó bá fara balẹ̀ wo bí Jefferson ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù yóò rí ọnà ibẹ̀: á sáré bí ẹni tó ń lọ tààrà, á dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀ láìyí ejìká, títí ẹni tó ń ṣọ́ ọ á fi gbé ara sí apá kan, apá kejì ni yóò wá yà sí. Aago kò lè ka èyí.

Ẹnìkan lè sọ pé ọgbọ́n ìgbẹ̀yìn ni mò ń gbọ́n. Rárá o. Gbogbo ẹ̀rí yìí ti wà nílẹ̀ kí draft tó dé. Ìyára ni Eagles ń wá, wọ́n sì fi Jefferson sílẹ̀. Lẹ́yìn draft, ẹ̀gbẹ́ ìta ni Vikings fi Jefferson sí jù. Yáàdì 1,400 ló kó lọ́dún àkọ́kọ́. Yáàdì 396 ni Reagor kó lọ́dún kan náà, nígbà tó sì di 2022, Eagles fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Vikings gan-an.

Àwọn àgbà ní a kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Nítorí náà, kí alámèyítọ́ tó kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá ọ̀dọ́mọkùnrin kan sílẹ̀, kó kọ́kọ́ kọ ibi tí wọ́n fi í sí, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún un, àti ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Bí ìwọ̀nyí kò bá sí nínú àfiwé, ẹsẹ̀ lásán la fi wéra, a kò tíì fi agbábọ́ọ̀lù wé agbábọ́ọ̀lù.