Olùtọ́jú Ìwé àti Àwárí Orí Ayélujára ní Ilẹ̀ Ìgbómìnà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí ó ti rí fún ọmọ, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ìwé. Ìwé tí a bá ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, kò sí ìjánu tí a lè fi fà á jáde láàárín àìmọye ìwé tí ó wà lórí pẹpẹ. Ní ayé àpótí káàdì, ojú ènìyàn ni ó ń wá ìwé kiri; bí a tilẹ̀ gbàgbé àmì kan, ojú a máa fi òye dí àlàfo náà. Ní ayé ayélujára, ẹ̀rọ ni ó ń wá a, bí a bá sì ti kọ orúkọ sílẹ̀ ni ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé iṣẹ́ olùtọ́jú ilé ìkàwé ti di fẹ́ẹ́rẹ́ nítorí pé ẹ̀rọ dé, kò tíì wo ọ̀ràn náà dé ìdí. Mímọ bọ́tìnnì tẹ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Mímọ orúkọ kọ ni ẹ̀kọ́ gan-an.

Ilẹ̀ Ìgbómìnà tó láti fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Òmù-Àrán ni Yunifásítì Landmark ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2011. Ní Ẹ̀sìẹ́, tí kò jìnnà sí i, ni ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà wà láti ọdún 1945, àwọn ère òkúta tí ó wà níbẹ̀ sì lé ní 1,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wọ ilé ìkàwé ní agbègbè yìí, tí ó sì béèrè ìwé lórí ère Ẹ̀sìẹ́, ohun ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni ó ń béèrè. Ṣùgbọ́n èdè wo ni a fi kọ ohun tí ó ń wá? H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́, ni ó kéde àwọn ère náà fún ará òde ní ọdún 1933, F. de F. Daniel kọ̀wé nípa wọn ní ọdún 1937. Ìwé Phillips Stevens sì jáde ní Ìbàdàn ní ọdún 1978. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn, ‘Esie’ lásán ni wọ́n sì kọ. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ ‘ère òkúta Ẹ̀sìẹ́’ sínú àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé, ó lè máà rí ọ̀kan nínú wọn, àfi bí olùtọ́jú ìwé bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ so orúkọ Yorùbá mọ́ wọn. Bákan náà ni ìtàn tí àwọn àgbà Ẹ̀sìẹ́ ń sọ, pé àlejò tí ó di òkúta ni àwọn ère náà, yóò sọnù sínú ẹ̀rọ bí ẹni tí ó kọ ọ́ kò bá kọ orúkọ ìlú bí ó ti yẹ.

Ọ̀ràn àmì ni ó le jù. Owó kì í ṣe ọwọ́. Ọ̀wọ̀ kì í ṣe òwò. Ẹ̀rọ tí kò ka àmì sí yóò kó gbogbo wọn dà síwájú ẹni tí ń wá ẹyọ kan. Èyí tí ó sì rin kinkin mọ́ àmì yóò fi ìwé tí a kọ láìsí àmì pamọ́. Ó tún kù. Ní ìlànà Unicode tí gbogbo ayé ń lò, a lè tẹ ‘ẹ’ ní odidi, a lè tẹ ‘e’ kí a sì fi àmì sí abẹ́ rẹ̀, àwọn mìíràn a sì máa fi ìlà kékeré sí abẹ́ rẹ̀ dípò àmì tóótó. Ẹ̀rọ tí a ṣe dáradára a máa mọ̀ pé ọ̀kan náà ni méjì àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà mìíràn pátápátá ni ó ka ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí. Olùtọ́jú ìwé méjì lè kọ orúkọ ìwé kan ṣoṣo, kí ó dọ́gba lójú ènìyàn, kí ó sì di ìwé méjì lójú ẹ̀rọ.

Ìyípadà ọ̀nà ìkọ̀wé tún dá kún un. Kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìlànà tuntun ní ọdún 1974, ‘aiye’ àti ‘enia’ ni ọ̀pọ̀ ìwé ń kọ. Irúnmalẹ̀ ni Fágúnwà kọ sára ìwé rẹ̀ ti ọdún 1938. Irúnmọlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ lónìí. Àwọn kan ń pe Ìgbómìnà ní Ìgbónnà. Olùtọ́jú ìwé àtijọ́ mọ ohun tí a ń ṣe sí èyí: a ó kọ káàdì kan tí yóò wí pé, ‘Ìgbónnà: wo Ìgbómìnà’. Koha, ẹ̀rọ àkọsílẹ̀ ìwé tí ó ti ilẹ̀ New Zealand wá, tí a sì fi sí ọwọ́ gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́ ní ọdún 2000, ní àyè fún irú ìtọ́sọ́nà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ti ṣí àyè sílẹ̀. Ọwọ́ tí yóò kún un ni ó kù.

Ó yẹ kí a díwọ̀n àwọn ìkànnì náà pẹ̀lú. Google ti ń túmọ̀ èdè Yorùbá láti ọdún 2013; ó wúlò fún òye ṣákálá, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbára lé fún àmì ohùn. Wikipedia ti Yorùbá ní àyọkà tí ó lé ní 30,000, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ju gbólóhùn bí mélòó kan lọ. Iye pọ̀, ẹran ara kò sí. YorubaName, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ni ó yẹ kí a yìn jù, nítorí pé ó fi àmì sí orúkọ, ó túmọ̀ rẹ̀, ó sì gba àfikún lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Ọgbọ́n olùtọ́jú ìwé ni kí ó mọ èyí tí yóò fi ran akẹ́kọ̀ọ́ àti ohun tí yóò kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ́ olùtọ́jú ìwé ní bí a ti ń ṣí ìkànnì nìkan, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe. Ìdajì kejì wà lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ èdè: olùkọ́ tí yóò fi àmì sí ìwé tí ó kọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kọ orúkọ ìlú rẹ̀ pé, àti olùtọ́jú ìwé tí yóò kọ gbogbo orúkọ tí a ń pe nǹkan kan sí ojú kan. Bí èyí kò bá ṣẹlẹ̀, ìwé ère Ẹ̀sìẹ́ yóò wà lórí pẹpẹ ní Òmù-Àrán, ọmọ Ẹ̀sìẹ́ yóò sì fi èdè ìyá rẹ̀ wá a tì.