Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹni tó bá fẹ́ rí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lẹ́nu iṣẹ́, kí ó dé irú ìlú bí Ùsì-Èkìtì lọ́jọ́ ìpàdé. Akọ̀wé á máa pe orúkọ, onítọ̀hún á dìde san owó rẹ̀, akápò á kà á lójú gbogbo wọn. Wọn á kọ ọ́ sínú ìwé ńlá ti ẹgbẹ́, wọn á tún kọ ọ́ sínú ìwé pélébé tó wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ yáwó á mú onídùúró méjì wá, ọmọ ẹgbẹ́ sì ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ á yá a ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́. Bí kò bá san án, owó onídùúró ni wọn yóò yọ. Ìdí nìyí tí onídùúró fi máa ń wo oko ẹni náà, tó ń wo ọjà rẹ̀, tó tilẹ̀ ń wo irú ìyàwó tó fẹ́, kó tó fọwọ́ síwèé. Báńkì wo ló lè ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀?

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó dé, èsúsú ti wà nílẹ̀ wa tipẹ́. Samuel Johnson kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921: iye kan náà ni kálukú ń dá, wọn á sì máa kó o ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n àìsàn kì í dúró de ẹni tí kò tíì kàn. Láyé ìgbà náà, ẹni tí ọ̀ràn bá ká mọ́ á lọ bá olówó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tó bá ṣe lóko olówó kò sì dín gbèsè kù rárá, èlé lásán ni. Nígbà tí kòkó gbòde, oko kòkó ni wọ́n ń fi dógò.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ló kọ́kọ́ gbára jọ. Àwọn ará Agége dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pe C. F. Strickland, tó ti ṣe àbójútó irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Punjab nílẹ̀ Íńdíà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin tẹ̀lé e ní 1935, Major E. F. G. Haig sì di olùforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Gbẹ́dùn, nítòsí Ìbàdàn, ló gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ kìíní ní 1937. Jámánì ni ètò ẹ̀yáwó alájẹṣẹ́kù ti gba Íńdíà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìrìn àjò ọ̀hún jìn o, fún àwọn tí wọ́n ti mọ èsúsú dunjú.

Ní Èkìtì, owó ilé-ìwé ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yáwó ń bá lọ. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1955 kò kọjá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òbí ló ń san ti girama nígbà náà. Àwọn tíṣà náà dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń yọ owó ẹgbẹ́ lára owó oṣù kó tó dé ọwọ́ wọn. Báńkì Kọ́párétíìfù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1953 pàápàá wọ inú Skye Bank ní 2006, orúkọ rẹ̀ sì parẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké ò tú ká.

Èlé ni wọ́n ń jiyàn lé jù ní ìpàdé ọdọọdún. Ẹni tó ń yáwó fẹ́ kó wálẹ̀. Ẹni tó ń fi pamọ́ nìkan ò gbà, torí inú èlé ni èrè tí wọ́n ń pín ti ń jáde. Bí ariwo bá pọ̀ jù, wọn á dìbò.