Òṣùwọ̀n Elédè Kan fún Ọmọ Elédè Púpọ̀ ní Johannesburg

Ní Johannesburg, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta lè máa gbọ́ isiZulu lẹ́nu ìyá rẹ̀, Sesotho lẹ́nu bàbá rẹ̀, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ní Yeoville àti Hillbrow, níbi tí àwọn àlejò láti Nàìjíríà àti Kóńgò pọ̀ sí, Yorùbá, Ìgbò tàbí Lingala tún lè kún un. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pẹ́ kí ó tó máa to ọ̀rọ̀ pọ̀, ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ òbí ti ń gbà láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé kí wọ́n pa èdè ilé tì, kí wọ́n di Gẹ̀ẹ́sì nìkan mú. Ìmọ̀ràn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé e lé ni ó kọ́kọ́ yẹ ní àyẹ̀wò. Púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ọmọ ti falẹ̀ ni a ṣe fún ọmọ tí ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ní Amẹ́ríkà tàbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá fi wọ́n wọn ọmọ Soweto yóò ka ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ náà mọ̀, yóò sì fi ti isiZulu sílẹ̀ láìkà. Ní 1993, Barbara Pearson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn ọmọ kéékèèké ní Miami tí wọ́n ń gbọ́ èdè Spain àti Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí wọ́n ka ọ̀rọ̀ inú èdè méjèèjì pọ̀, àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn elédè kan.

Sesotho tú àṣírí òṣùwọ̀n náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Katherine Demuth, tí ó ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Lesotho, fi hàn ní 1989 pé kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta ni ó ti ń lo gbólóhùn tí ó sọ àbọ̀ di olùwà, irú èyí tí a máa ń kà sí ohun tí ń pẹ́ dé lẹ́nu ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. (Yorùbá kò ní irú rẹ̀, 'wọ́n na ọmọ náà' ti tó fún wa.) Ìdí rẹ̀ ni pé ní Sesotho, ọ̀rọ̀ ìbéèrè 'ta ni' kì í dúró lásán sí ipò olùwà. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ṣe nǹkan ní láti yí gbólóhùn padà, etí ọmọ sì ti mọ́ ọn. Irú ìmọ̀ yìí kò jìnnà sí Johannesburg rárá: ní Yunifásítì Witwatersrand tí ó wà nínú ìlú náà, Susan Suzman ti ṣiṣẹ́ lórí bí ọmọ ṣe ń kọ́ isiZulu láti àwọn ọdún 1980.

Ọmọ Yorùbá náà ní tirẹ̀. Bí ó bá pe bàbá rẹ̀ ní 'she', olùyẹ̀wò lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, bẹ́ẹ̀ 'ó' kan náà ni a ń lò nílé rẹ̀ fún bàbá, fún ìyá àti fún ewúrẹ́. Etí tí kò gbọ́ ohùn yóò sì ka ọwọ́ àti ọwọ̀, ìlú àti ìlù, sí ọ̀rọ̀ kan náà tí ọmọ ń tún pè.

Àṣìṣe kejì wà tí àwọn olùgbèjà èdè abínibí kì í fẹ́ mẹ́nu bà. Àwọn mìíràn a máa ní èdè méjì ni ó dà á láàmú, ìyá àgbà rẹ̀ pàápàá pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Àìsàn èdè kì í yan èdè kan fi èkejì sílẹ̀. Ọmọ tí kò lóye ohun tí a sọ ní Yorùbá nílé, tí kò sì lóye Gẹ̀ẹ́sì ní jẹ́lé-ó-sinmi, kí a tètè yẹ etí rẹ̀ wò. Ìdúró kò ṣe é lóore.

Ní ti ìyá tí wọ́n ní kó máa sọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá a lójú, àṣẹ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò kù sí: wá, jókòó, jẹun, dákẹ́. Àlọ́ lọ, oríkì lọ. Ní ilé Zulu, izithakazelo ìdílé bá wọn lọ. Ẹ̀rù tí ń ba òbí ni pé èdè ilé yóò dí Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Iṣẹ́ tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 ti dáhùn èyí: àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Nǹkan ti ń yí padà ní Gúúsù Áfíríkà. Ní 2019, ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìlera, HPCSA, gbé ìtọ́sọ́nà jáde lórí títọ́jú àwọn elédè àti aláṣà oríṣiríṣi. Àwọn onímọ̀ sì ti ń ṣe àtúnṣe àkójọ ọ̀rọ̀ ọmọdé ti MacArthur-Bates, tí òbí fúnra rẹ̀ ń kún, sí àwọn èdè ìjọba. Iṣẹ́ gidi ni, ṣùgbọ́n ìwé kan fún èdè kan ni, nígbà tí ọmọ Soweto ń po mẹ́ta pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Yorùbá kò sì sí lára èdè ìjọba.

Nítorí náà ògbufọ̀ ni ilé ìwòsàn ń wá, nítorí púpọ̀ nínú àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì àti Afrikaans lọ. Nọ́ọ̀sì tàbí òṣìṣẹ́ tí ń gbálẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń pè. Ọmọ yóò ní 'ntwana' dípò 'umntwana', ògbufọ̀ yóò sì túmọ̀ rẹ̀ ní 'ọmọ', láìsọ pé àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ti jábọ́. Àfòmọ́ yẹn gan-an ni olùyẹ̀wò jókòó láti gbọ́.