Kí Genesis Tó Mọ Ohùn Ara Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ olórin Genesis ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "Foxtrot" tó jáde ní 1972 ni wọ́n sábà máa ń ní kó kọ́kọ́ gbọ́. Àwo náà dùn, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ná àwọn ọmọ wọ̀nyí kí wọ́n tó débẹ̀.

Ilé-ìwé kan náà, Charterhouse, ni Peter Gabriel, Tony Banks, Mike Rutherford àti Anthony Phillips ti pàdé. Àwo wọn àkọ́kọ́, "From Genesis to Revelation", jáde ní 1969. Jonathan King tó ń darí iṣẹ́ náà jẹ́ kí wọ́n da gòjé àti fèrè òyìnbó bo orin ọ̀hún. Orúkọ rẹ̀ sì mú kí àwọn ìsọ̀ kan kó o sáàárín orin ìsìn! Nígbà tí mo gbọ́ ọ tán, ohùn Gabriel nìkan ni mo rí mú dání. Ọbẹ̀ náà kò burú, àmọ́ iyọ̀ ẹlòmíràn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

"Trespass" ti 1970 ni wọ́n tó dá ọbẹ̀ tiwọn sè. Orin mẹ́fà péré ni. Gìtá olókùn méjìlá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òjò ìrọ̀lẹ́, àfi ìgbà tí "The Knife" dé níparí tí gbogbo ilé dàrú. Orin yìí ló mú kí Paul Whitehead, tó ti ya àwòrán tútù kan fún páálí àwo náà, tún fi ọ̀bẹ ya àwòrán ọ̀hún. Àléébù wà níbẹ̀ o: onílù ìgbà náà ń tẹ̀lé orin ni, kò lè ṣíwájú rẹ̀.

Kété lẹ́yìn náà, Phillips fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹ̀rù ojú àwùjọ ń bà á. Díẹ̀ ló kù kí ẹgbẹ́ tú ká. Phil Collins tó ń lùlù àti Steve Hackett onígìtá ló wá dí àlàfo, "Nursery Cryme" sì jáde ní 1971. Ẹ gbọ́ "The Musical Box" ibẹ̀. Ó lé ní ìṣẹ́jú 10, síbẹ̀ kò sú mi, torí ìlù Collins ló ń sọ ìgbà tó yẹ kí orin dákẹ́ àti ìgbà tó yẹ kó bínú. Phillips sì ti lọ́wọ́ nínú ìpìlẹ̀ orin yìí kó tó lọ.

Gìtá jẹ́jẹ́ ti Phillips àti ìlù Collins, àwọn méjèèjì yìí ló bí "Supper's Ready", orin bí ìṣẹ́jú 23 tí gbogbo ayé ń yìn lórí "Foxtrot". Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má fo "Trespass" kọjá jàre.