Nínú Ìkíni Ni Ẹbí Wà

Láti ìparí ni mo ti máa ń ka lẹ́tà àtijọ́. Iṣẹ́ mi ni láti bá àwọn ẹbí Yorùbá tó fìdí kalẹ̀ sí Bouaké ní Côte d'Ivoire wá ìran wọn nínú ìwé tí àwọn bàbá wọn kọ, mo sì ti rí i pé ọ̀rọ̀ ọjà àti owó tó kún àárín rẹ̀ kì í sọ ẹni tó bí ẹnì kan fún wa. Ìkíni ìparí ló ń sọ ọ́. Bàbá tó ń kọ̀wé sílé yóò kọ́kọ́ kí àwọn àgbà, yóò kí ìyálé kó tó kan ìyàwó, àwọn ọmọ yóò sì tẹ̀lé ìyá wọn. Bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ ni wọ́n ṣe tò. Ẹni tó bá tún wọn tò, ìjà ló ń wá.

Ọdún 1912 ni ojú irin láti Abidjan dé Bouaké. Àwọn oníṣòwò Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó wà lára àwọn tó wá tajà ní ilẹ̀ Baule. Ànàgó ni wọ́n ń pè wá níbẹ̀. Àwọn mìíràn gba Ghana dé, pàápàá lẹ́yìn oṣù kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Wọ́n fẹ́ ọmọ Baule, wọ́n fẹ́ ọmọ Jula. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kì í sábà kọ ọ́ sílé, torí pé ìyàwó tí bàbá ti bá a fẹ́ ń dúró dè é nílé. Ọ̀nà ẹ̀yìn ni ìyàwó Baule máa ń gbà wọnú lẹ́tà: ìdì aṣọ kan á dé ilé, ìyá ọkọ á fi ìdúpẹ́ ránṣẹ́ sí "ìyá àwọn ọmọ". Ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ wúlò fún mi ju ìwé ìgbéyàwó lọ.

Lẹ́tà tí kò ní déètì pọ̀. Àdírẹ́sì ni mo fi ń mọ ọjọ́ orí wọn. Èjìgbò tí wọ́n kọ "Western State" sí lábẹ́ kò lè ṣáájú 1967. Ní 1976 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dé, kò sì sí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991. Sítáǹbù Nàìjíríà tó bá ní ṣílè lójú, ó ti wà kí náírà tó dé ní 1973. Àkọtọ́ kì í ràn mí lọ́wọ́ rárá: àgbà tó ti mọ "nwọn" àti "enia" kọ, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa kọ ọ́ títí wọn yóò fi sin ín.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni ìsọmọlórúkọ. Ọjọ́ kẹjọ la ń sọ ọmọ lórúkọ. Bí a bá ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn, ọjọ́ kan náà nínú ọ̀sẹ̀ ló máa bọ́ sí. Àwọn Baule sì rèé, ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ ni wọ́n fi ń pè é. Bí bàbá bá kọ̀wé sílé pé ọjọ́ Sátidé làwọn sọ ọmọbìnrin òun ní Àmínátù, mo ti mọ̀ pé Affoué ni wọ́n ń pè é ní abúlé ìyá rẹ̀, Affoué ni mo sì máa béèrè níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, Koffi ni. Àfi kí èèyàn ṣọ́ra bí ìdílé náà bá ti gbé Kumasi rí, nítorí lọ́dọ̀ àwọn Asante, Kwame ni ọmọ Sátidé, ọmọ Fúráídè ló ń jẹ́ Kofi. Ọjọ́ kan péré ni ìyàtọ̀ náà, ó sì tó láti sọ ẹnì kan di méjì. Táíwò àti Kẹ́hìndé wa ni wọ́n ń pè ní N'Da. Ẹni tó wà ní ipò Ìdòwú ni Amani. Bí mo bá rí Amani nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ kan, inú lẹ́tà ni mo ń padà sí lọ wá ìbejì, kódà bí wọ́n bá ti kú ní kékeré tí ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn mọ́.

Ìdí ìyá ni àwọn Baule ti ń ka ẹbí jù. Ìyá àgbà kan ní abúlé lè má rántí orúkọ Ànàgó tó fẹ́ àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò ka àwọn ọmọ àbúrò náà tán láìfo ọ̀kan. Lẹ́tà ní tirẹ̀ mọ bàbá dáadáa. Mo ní láti gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.

Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 sọ Bouaké di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, ìwé ìbí púpọ̀ ní apá àríwá sì sọnù tàbí kí wọ́n jóná. Lẹ́tà tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sílé tipẹ́ ló yè é. Ẹ̀yin tí àpótí bàbá yín ṣì wà lájà ní Èjìgbò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi àpòòwé dáná. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ka ìkíni náà sí etí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé, kó sọ ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ fún yín, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.